Òkìtì inú igbó àti òkìtì inú oko: èwo ló pa ẹrù òkú mọ́?

Kí ni wọ́n ń pè ní Hohmichele?

Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ sórí ibojì ni, nínú igbó kan nítòsí odò Danube, ní gúúsù Jámánì. Àwọn ará Heuneburg, ìlú olódi kan tó wà lágbègbè náà, ló mọ ọ́n, ó sì ti lé ní 2,500 ọdún. Ó ga ju mítà 13 lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òkè lásán ni, nítorí igi ti bò ó látìsàlẹ̀ dókè.

Òjò kò wó o láti ọjọ́ yìí wá?

Òjò kọ́ lọ̀tá òkìtì, ìtúlẹ̀ ni. Lọ́dọọdún ni àgbẹ̀ ń gé òkìtì tó bá wà nínú oko lórí díẹ̀díẹ̀, pàápàá látìgbà tí katakata ti dé. Nínú igbó, kò sẹ́ni tó ń túlẹ̀, gbòǹgbò sì di iyẹ̀pẹ̀ mú. (Gbòǹgbò kan náà máa ń ya wọ ibojì o, ẹranko náà sì ń gbẹ́ ihò síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìtúlẹ̀ ló burú jù.)

Ẹrù òkú wá pé níbẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Gustav Riek fi máa dé yàrá àárín, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, olè ayé àtijọ́ ti kó o. Ohun tó ga tó báyẹn, ta ni kò ní mọ̀ pé ọlọ́lá ló wà lábẹ́ rẹ̀? Àárín nìkan ni wọ́n lọ, wọn ò mọ̀ pé yàrá mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọkùnrin kan, obìnrin kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àti ohun èlò idẹ.

Èyí tí oko jẹ tán ńkọ́?

Ti Hochdorf nìyẹn, lẹ́bàá Stuttgart. Ó ga tó mítà 6 nígbà kan, àmọ́ ìtúlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn ò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí di 1977. Òkúta bíi tọ́ọ̀nù 50 ni wọ́n kó lé yàrá ibẹ̀ lórí. Mo gbà pé òun ló dá àwọn olè ìgbàanì dúró; àwọn tó dé lẹ́yìn kò tiẹ̀ rí òkìtì tí wọn ì bá gbẹ́. Nígbà tí Jörg Biel ṣí i ní 1978 sí 1979, kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kàn án rí. Ọkùnrin bí ẹni 40 ọdún ló sùn lórí àga idẹ gbọọrọ, tí ère obìnrin mẹ́jọ gbé dúró, kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, bíi ti àga ọ́fíìsì. Góòlù ni wọ́n fi ṣe bàtà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àmọ́ àwọn tó tẹ́ ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì, wọ́n fi ti òsì sí ọ̀tún.