Nínú yàrà Eredò Sùngbọ́: bí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú onímọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ènìyàn lè gba orí Eredò Sùngbọ́ kọjá kí ó má mọ̀ pé òun ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́lẹ̀. Yàrà àti òkìtì yìí yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20, èyí tí ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún lọ. Àmọ́ igbó ti bò ó, oko sì ti sún mọ́ ọn, débi pé ojú tí kò bá ní ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà kò ní rí ju gegele kan tí igi hù sí lọ. Ìjọba Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé láti ọdún 1995, síbẹ̀ àwọn tí ó ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Irú ibi báyìí gan-an ni ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú onímọ̀ wà fún. Ètò ọkọ̀, ilé ìtura àti oúnjẹ kò yàtọ̀ sí ti ìrìn-àjò afẹ́ mìíràn, kò sì yẹ kí ó gba àkókò níhìn-ín. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ tí amọ̀nà kan ṣoṣo máa ń ṣe níbòmíràn ni a pín sí ọwọ́ ẹni mẹ́ta. Olùṣètò ni ó ń kó àwọn arìnrìn-àjò jọ, tí ó sì ń ru ẹrù owó àti ètò. Onímọ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ awalẹ̀pìtàn tàbí òpìtàn láti yunifásítì, ni ó ń túmọ̀ ohun tí ojú rí. Ẹnìkẹta ni ọmọ ìlú tí ó mọ igbó náà, ọdẹ tàbí àgbẹ̀, tí ó mọ ibi tí yàrà ti ṣeé sọ̀ kalẹ̀ sí àti ibi tí ejò fẹ́ràn. Bí ọ̀kan bá yọ nínú àwọn mẹ́ta yìí, ìrìn náà á di ìrìn inú igbó lásán.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìrìn, olùṣètò gbọ́dọ̀ ti lọ kí baálẹ̀, kí ó sì ti rí àwọn ẹbí tí oko wọn wà lẹ́bàá yàrà, nítorí Eredò kì í ṣe ibi tí a fi ọgbà yí ká, tí a ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó gbà kọjá. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ni ó dára jù, torí pé ilẹ̀ pupa náà máa ń yọ̀ gidigidi bí òjò bá ti kàn án, ọmọ ìlú ni yóò sì sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí bóyá ọ̀nà ṣeé gbà lọ́jọ́ náà.

Àṣìrò kan wà tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ó sì yẹ kí a là á mọ́lẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé onímọ̀ tí ó mọṣẹ́ ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí ó ti há ọdún àti orúkọ sórí, tí kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ọdún àti orúkọ ni ó ń wá lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó kà wọ́n, kò sì ní san owó ọkọ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ lójú ilẹ̀ ni láti to ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ rí àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e, kí ó sì rí i pé ohun mẹ́ta kò dàpọ̀ mọ́ ara wọn: ohun tí à ń fojú rí, ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti wọ̀n. Níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dàpọ̀, arìnrìn-àjò á padà sílé pẹ̀lú ìtàn dídùn tí kò mọ èyí tí ó yẹ kí òun gbà gbọ́ nínú rẹ̀.

Ìrìn tí a tò dáadáa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìta, níhà tí ọ̀tá ìbá gbà wọlé. Wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, onímọ̀ á sì jẹ́ kí wọ́n wò yíká fúnra wọn ná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kò le: erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde níhìn-ín, níbo ni wọ́n kó o sí? Nígbà tí wọ́n bá gbójú sókè, wọn á rí i pé ìhà inú ni òkìtì wà, ìhà tí ìlú wà. Láti inú ìdáhùn yìí nìkan, ẹni tí kò ka ìwé ìtàn kankan rí ti lè mọ̀ pé àwọn tí ó wà nínú ni ó gbẹ́ ẹ, àwọn tí ó wà lóde ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ dè. Ẹ̀yìn èyí ni ó tọ́ kí a tó dárúkọ Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rìn ín, tí ó sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990. Ó ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ kúbíìkì mítà, èyí tí ó ju ohun tí a fi kọ́ píramíìdì tí ó tóbi jù ní Íjíbítì lọ. Bí a bá sọ iye yẹn nínú ọkọ̀, etí ni yóò dé; bí a bá sọ ọ́ fún ẹni tí ó dúró sí ìsàlẹ̀ yàrà, tí ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún nítorí wíwo òkè, yóò mọ̀ pé àwọn èèyàn ni wọ́n fi ọwọ́ wọn gbẹ́ gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì rù ú gun òkè yẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọn á fọwọ́ kan ògiri yàrà, tí ó ṣì ń dán ní ibi púpọ̀. Ilẹ̀ pupa ni, amọ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó rọrùn láti gbẹ́ nígbà tí ó bá tutù ṣùgbọ́n tí ó máa ń le koko bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i pẹ́. Igi tí ó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bo yàrà lórí kò sì jẹ́ kí òjò máa rọ̀ lù ú tààrà, ìyẹn ni pé igbó tí ó fi Eredò pa mọ́ fún wa náà ni ó ń dáàbò bò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù ni ibi tí ọ̀nà tàbí àgbàrá bá ti gé òkìtì náà, tí inú rẹ̀ fi hàn síta. Nísàlẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó dúdú díẹ̀ máa ń wà, èyí tí í ṣe ojú ilẹ̀ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbẹ́ yàrà. Òkè rẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa tí wọ́n dà lé e. Láti mọ bí a ṣe ń ka irú nǹkan báyìí, a lè fi ọkàn wo ẹní méjì tí a tẹ́ lé ara wọn. Bí a bá ká ẹní òkè tí a bá kọ́bọ̀ kan láàárín méjèèjì, tí ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sì wà lára rẹ̀, kọ́bọ̀ yẹn kò sọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹní òkè fún wa, ṣùgbọ́n ó fi dá wa lójú pé wọn kò tẹ́ ẹ ṣáájú ọdún náà. Bí ẹnìkan bá sì ti dáná sórí ẹní òkè tí iná jó o, ẹní náà ti wà nílẹ̀ kí iná ọjọ́ yẹn tó jó. Àárín kọ́bọ̀ àti iná ni ọjọ́ tí à ń wá wà. Ṣùgbọ́n èkúté lè gbé kọ́bọ̀ gba ihò wọlé. Ọmọdé lè ká ẹní òkè sókè kí ó fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ pa mọ́ síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kọ́bọ̀ bàbá àgbà ni, tí ó ti wà nínú àpò fún ogójì ọdún kí ó tó já bọ́. Ìdí nìyí tí awalẹ̀pìtàn fi máa ń wá ihò èkúté kí ó tó gba ẹ̀rí kọ́bọ̀ gbọ́, iṣẹ́ yìí sì ni ó ń gba àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Eredò, èédú ni ó dípò kọ́bọ̀. Igi tí ó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tí ó máa ń ṣòfò díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí ó bá kú, kò lè gba òmíràn mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ á sì máa dín kù, tí ìdajì rẹ̀ á lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Nítorí náà, wíwọn èédú tí a rí lábẹ́ òkìtì ń sọ ìgbà tí igi dẹ́kun láti máa dàgbà, kì í sọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ yàrà, bí igi náà bá sì ti gbó kí wọ́n tó sun ún, inú rẹ̀ lè ti dàgbà ju ìgbà náà lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti kọ ọ́ pé Eredò ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwádìí tí àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe ní àwọn ọdún 2010 gbé e wá sí ẹ̀yìn ìyẹn dáadáa, sí àárín ọdún 1370 sí 1420. Onímọ̀ tí ó ń sọ ti ẹgbẹ̀rún ọdún nìkan torí pé ó gbajúmọ̀ kò ṣe òótọ́ pẹ̀lú àwọn tí ó kó wá.

Ìgbà yìí ni ìtàn Bilikisu Sùngbọ́ tó wọlé. Ohun tí àwọn ará ìlú gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wọn ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ Eredò, kí orúkọ òun má baà parun. Nítorí pé Bilikisu ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ọbabìnrin Ṣébà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun náà ni, àti pé ibojì rẹ̀ ni ó wà ní Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgbà Sólómọ́nì, ọba tí ọbabìnrin Ṣébà lọ kí, sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Jésù, nítorí náà ohun tí ó wà láàárín òun àti yàrà yìí ju 2,000 ọdún lọ. Ẹni tí ó ti rí ilẹ̀ dúdú abẹ́ òkìtì kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ìtàn Sùngbọ́ fúnra rẹ̀ di asán: kò sí èédú tí ó lè sọ fún wa pé kì í ṣe obìnrin ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n ètò yìí hàn jù ní ibí yìí, nínú pé yàrà ṣáájú, ibojì tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé Òkè-Èrí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ìtàn Ṣébà ni wọn ìbá gbé wọ inú yàrà, wọn kò sì ní rí erùpẹ̀ mọ́.

Ní Òkè-Èrí, ipò á yí padà. Onímọ̀ á bọ́ sẹ́yìn, olùtọ́jú ibojì ni yóò máa sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ibi ìjọ́sìn ni ibẹ̀ jẹ́ fún àwọn Mùsùlùmí, àwọn Kristẹni àti àwọn oníṣẹ̀ṣe tí wọ́n ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Èèwọ̀ ibẹ̀ kò gba obìnrin láàyè láti wọ ibi ibojì. Olùṣètò tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò sọ èyí fún àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó san owó. Mímú un di ọ̀rọ̀ ojijì ní ẹnu ọ̀nà kò bu ọlá fún wọn, kò sì bu ọlá fún àwọn onílé.

Alẹ́ ni àkókò ìbéèrè. Ìgbà náà ni ó dára jù láti ka ohun tí Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtugí, kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ, kò sì dárúkọ Sùngbọ́. Bóyá Eredò ni, bóyá yàrà Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n ti dúró nínú yàrà láàárọ̀ máa ń jiyàn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìtara, ó sì jẹ́ àríyànjiyàn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Níbi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni owó. Olùṣètò àti ilé ìtura ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù; ọdẹ tí ó fi àdá la ọ̀nà ń gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, àgbẹ̀ tí ó fi igi orí òkìtì sílẹ̀ láìgé kì í sì í gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ katakátá tí ó ń la ọ̀nà tàbí tí ó ń kó erùpẹ̀ fún ilé kíkọ́ lè wó ohun tí ó ti wà fún 600 ọdún láàárín òwúrọ̀ kan, àgbẹ̀ yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ rí i. Ó yẹ kí iye tí ó kàn án wà nínú ìwé owó tí a fún arìnrìn-àjò, ní gbangba. Ó tún yẹ kí onímọ̀ ya àwòrán yàrà láti ojú kan náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá kó ènìyàn wá, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀ fún baálẹ̀, kí ìlú lè ní ohun tí wọ́n lè fi hàn nígbà tí katakátá bá dé.