Kí Ni DPP Ń Wò Nínú Fáìlì? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Iṣẹ́ Fatou Bensouda

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn kóòtù yóò ti bá gbólóhùn yìí pàdé lọ́pọ̀ ìgbà: adájọ́ ní kí wọ́n fi afurasí pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP (Director of Public Prosecutions), ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá ìjọba pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìbéèrè tí wọ́n sì sábà máa ń bi mí ni pé, "Lọ́yà, ìmọ̀ràn wo ni wọ́n tún ń wá? Ṣebí ọlọ́pàá ti mú un." Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá fi obìnrin kan tó ti ìdí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gòkè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà: Fatou Bensouda, ọmọ orílẹ̀-èdè Gáńbíà, obìnrin àkọ́kọ́ tó di olùpẹjọ́ àgbà ní ICC, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ogun nílùú Hague.

Ìtàn rẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ní 1986 tó gboyè, orúkọ Awólọ́wọ̀ kò tíì gun orí iléèwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà níbí, kó tó padà sílé lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùpẹjọ́ fún ìjọba Gáńbíà ní 1987. Ó di igbákejì DPP, ó di Solicitor General, nígbà tó sì di 1998, wọ́n fi í ṣe Attorney General àti mínísítà fún ètò ìdájọ́. Láàárín kan, ó lọ kàwé nípa òfin orí òkun ní Málítà, òun sì ni ọmọ Gáńbíà àkọ́kọ́ tó di ògbógi nídìí ẹ̀.

Àwọn oyè yìí máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Lọ́yà kékeré tó ń gbé fáìlì lọ sí kóòtù ló wà nísàlẹ̀. DPP ni ọ̀gá àwọn olùpẹjọ́, òun ló ń sọ irú ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kan èèyàn, tàbí pé kí wọ́n má fi ẹ̀sùn kàn án rárá. Solicitor General ló ń darí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ lójoojúmọ́, tó ń yẹ ìwé àdéhùn ìjọba wò, tó sì ń gba àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba yòókù nímọ̀ràn. Attorney General ló wà lókè pátápátá, ṣùgbọ́n òṣèlú ti wọ ipò tiẹ̀, nítorí olórí ìjọba ló ń yàn án. Nílẹ̀ wa, abala 174 àti 211 nínú ìwé òfin 1999 fún Attorney General ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti láti dá a dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Agbára ńlá ni.

Yahya Jammeh, sójà tó gbàjọba ní 1994, ni Bensouda bá ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí mínísítà títí di 2000. Àwọn kan ṣì ń bi í léèrè lórí ìyẹn, mi ò sì rò pé wọ́n jẹ̀bi. Lọ́yà kékeré lè ní fáìlì tí wọ́n gbé fún òun lòun ṣe. Attorney General kò lè wí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí fáìlì kan. Ọ̀rọ̀ tí olùfisùn sọ fún ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ti afurasí náà wà níbẹ̀, bóyá ìwé dókítà, fọ́tò méjì mẹ́ta, àti àkọsílẹ̀ ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ afurasí. Ká ní ẹ̀sùn ìdigunjalè ni. Ohun mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ rí: pé olè jíjà wáyé, pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ àwọn tó jà á, àti pé ẹni tí wọ́n mú yìí wà lára wọn. Méjì àkọ́kọ́ kì í sábà ṣòro. Ẹ̀kẹta ni fáìlì ti máa ń ṣófo. Ẹ máa rí i tí olùfisùn sọ pé òru ni, iná kò sí, wọ́n fi aṣọ bojú, lójú ìwé kejì ó tún ní òun mọ afurasí dáadáa. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Kò sẹ́ni tó bi í. Bí n kò bá dá fáìlì yẹn padà fún ọlọ́pàá, lọ́yà olùjẹ́jọ́ yóò bi í ní kóòtù, ẹjọ́ yóò sì tú ká níṣojú gbogbo èèyàn.

Ohun tó tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ pamọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Abala 54 nínú òfin ICC sọ ọ́ kedere pé kí olùpẹjọ́ wádìí ohun tó lè mú kéèyàn jẹ̀bi àti ohun tó lè mú kó jàre bákan náà. Bensouda rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó nígbà tó jẹ́ igbákejì olùpẹjọ́ àgbà, ipò tó dé ní 2004 lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rùwáńdà nílùú Arusha. Ní 2008, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ Thomas Lubanga, ọ̀gá àwọn ajagun kan ní Kóńgò, dúró nítorí pé àwọn ìwé tó lè wúlò fún un wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùpẹjọ́, wọn kò sì fi hàn án, torí wọ́n ti bá àwọn tó kó ìwé náà fún wọn ṣàdéhùn àṣírí. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ICC máa gbọ́ lèyí o! Ìgbà tí wọ́n yanjú ẹ̀ ni ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wọ́n sì dá Lubanga lẹ́bi ní oṣù kẹta 2012 pé ó kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sógun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bensouda búra wọlé fún ọdún mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ àgbà. Fáìlì Kẹ́ńyà wà lára ohun tó bá lórí tábìlì. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan Uhuru Kenyatta lórí rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò 2007, níbi tí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ti kú. Ní 2013, Kenyatta di ààrẹ. Àwọn ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra, òmíràn ní irọ́ lòun pa tẹ́lẹ̀, ìjọba Kẹ́ńyà kò sì kó àwọn àkọsílẹ̀ tí Bensouda béèrè sílẹ̀ fún un. Ó tọrọ àfikún àkókò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2014, àwọn adájọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré: kó mú ẹ̀rí wá, tàbí kó gbé ẹ̀sùn kúrò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó gbé e kúrò, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ pé òun lè padà wá bí ẹ̀rí tuntun bá jáde. Ọ̀pọ̀ ló pè é ní ìjákulẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí olùpẹjọ́ ṣe ló ṣe. Ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí tó sì ń fa olùjẹ́jọ́ lọ fa olùjẹ́jọ́ bọ̀, ìyà ló ń fi jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ló ń rò. Àmọ́ àwọn tí ilé wọn jóná kò rí ìdájọ́ gbà, èyí sì ń dùn wọ́n dòní.

Ti Timbuktu, ní orílẹ̀-èdè Málì, dára jù. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni Bensouda fi kan Ahmad al-Faqi al-Mahdi, pé ó darí àwọn tó wó ojú oórì mẹ́sàn-án tó jẹ́ ti àwọn ẹni mímọ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n sì fọ́ ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí Sidi Yahia ní 2012. Ọkùnrin náà ní òun jẹ̀bi, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án ní 2016. Àwọn kan bínú pé ìwà ìkà mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nílùú náà lásìkò kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan tó dúró sàn ju mẹ́wàá tó wó lọ.

Ibi tí mo ti gbóríyìn fún un jù ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Wọn kò fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan Lubanga, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sọ ọ́ ní kóòtù. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ẹ̀sùn, adájọ́ kò lè dá ẹjọ́ lé e lórí. Ní 2014, ọ́fíìsì Bensouda gbé ìlànà jáde lórí bí wọn yóò ṣe máa wádìí irú ìwà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Bosco Ntaganda, ọ̀gá ajagun mìíràn ní Kóńgò, lẹ́bi ní 2019, ìfipábánilòpọ̀ tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe sí àwọn ọmọbìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun wọn gan-an wà níbẹ̀. Ní 2021, Dominic Ongwen ti Ùgáńdà jẹ̀bi ẹ̀sùn 61, tó fi mọ́ fífi ipá sọ obìnrin di ìyàwó àti fífi ipá mú obìnrin lóyún.

Ó pàdánù àwọn ẹjọ́ ńlá pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Jean-Pierre Bemba, igbákejì ààrẹ Kóńgò tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ ní 2018, Laurent Gbagbo, ààrẹ Ivory Coast tẹ́lẹ̀, náà sì gba òmìnira. Nítorí ìwádìí lórí ogun Afghanistan, Amẹ́ríkà gba físà rẹ̀ ní 2019, wọ́n sì fi ìjìyà ọ̀rọ̀ ajé (sanctions) lé e lórí ní 2020, kí ìjọba tuntun tó mú un kúrò ní 2021.

Nílẹ̀ wa, Modupe Omo-Eboh ti jẹ́ DPP kó tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní 1969. Aloma Mukhtar náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Àríwá ní 1967, ó sì di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 2012.

Bí fáìlì tiyín bá wà lọ́dọ̀ DPP báyìí, ẹ lọ bá ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, kẹ́ ẹ rí i dájú pé ìwé dókítà àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì àwọn tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ti wọlé. Bí ẹ bá rántí nǹkan tẹ́ ẹ gbàgbé sọ, ẹ ní kí wọ́n gba àfikún ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Bó bá pẹ́ jù, ẹ kọ lẹ́tà sí Attorney General ìpínlẹ̀ yín, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ lù.