Ẹ Béèrè Ẹni Tó Ṣe Gémù Náà Kí Ẹ Tó Sanwó

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí idà. Mo ní Aladdin máa ń yọ idà nínú gémù rẹ̀, tó fi ń lé àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin. Òun ní irọ́ ni mo pa, pé kò sí idà kankan lọ́wọ́ Aladdin, pé orí àwọn ẹ̀ṣọ́ ló máa ń fò gùn, tó sì máa ń sọ èso ápù lù wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni àwa méjèèjì ń sọ. Ti Sega ni mo gbá, ti Super Nintendo lòun gbá: ẹ̀rọ gémù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọdún 1993 ni méjèèjì jáde, fíìmù Disney kan náà ló bí wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ọ̀kan kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú èkejì.

Lónìí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa ṣí gémù kúrò lórí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí rèé: "Gémù tí ọmọ mi dárúkọ gan-an ni mo rà, ó tún ní òun kọ́ nìyẹn. Ṣé wọ́n ṣe mí ní gbájúẹ̀ ni?" Rárá o. Orúkọ lẹ béèrè, orúkọ náà ni wọ́n tà fún yín. Ọ̀tọ̀ lorúkọ, ọ̀tọ̀ ni gémù.

Ìdí mẹ́ta ló máa ń fà á. Ẹ jẹ́ ká ti orí Aladdin yẹn bẹ̀rẹ̀, àṣẹ orúkọ ni ìdí kìíní. Disney ló ni orúkọ náà, ó sì lè fún ẹni méjì láṣẹ láti lò ó, kálukú lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Capcom ti Japan ti ń ṣe gémù Disney fún ẹ̀rọ Nintendo tipẹ́. DuckTales wọn ti jáde lọ́dún 1989. Nítorí náà, Aladdin ti Super Nintendo bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ti Sega bọ́ sọ́dọ̀ Virgin Games ní Amẹ́ríkà, níbi tí David Perry ti darí iṣẹ́, tí àwọn ayàwòrán Disney fúnra wọn sì ya bí Aladdin ṣe ń sáré àti bí ó ṣe ń fò. Ẹni tó wà nídìí ti Capcom ni Shinji Mikami, ẹni tó wá ṣe gémù Resident Evil lẹ́yìn náà, lọ́dún 1996. Mikami ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ká ní kì í ṣe òun lòun ṣe ti Super Nintendo ni, ti Sega lòun ì bá rà: àwòrán rẹ̀ ń rìn dáadáa jù, ó sì ní idà. Ẹ ò rí nǹkan, alágbẹ̀dẹ tó ń yin ọkọ́ aládùúgbò.

Lọ́dún 1993 yẹn náà, gémù Jurassic Park, tí wọ́n mú jáde láti inú fíìmù, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Sega, ẹ̀gbẹ́ lẹ ti ń wo eré náà, ẹ sì lè yàn bóyá ẹ fẹ́ jẹ́ Ọ̀mọ̀wé Grant, akọni ìtàn náà, tàbí ẹ fẹ́ jẹ́ raptor, irú dáínósọ̀ kan, tó ń lé e kiri. Lórí Super Nintendo, òkè lẹ ti ń wò ó bí ẹni gun igi. Ìgbà tí ẹ bá wọnú ilé nìkan ló ń yí padà, tí ẹ ó máa fi ojú ara yín wò ó. Lórí Sega CD, ẹ̀rọ díìsìkì tí wọ́n ń so mọ́ Sega, ńkọ́? Ẹ ò ní fò, ẹ ò ní sáré. Ẹ ó kàn máa tọ́ka sí nǹkan, ẹ ó sì máa wá ẹyin dáínósọ̀ kiri erékùṣù. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "mo ti gbá Jurassic Park" kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí a bá perí ajá, à á perí ìkòkò tí a fi sè é. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ìdí kejì tí orúkọ kan fi ń di gémù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1980 ni Pac-Man kọ́kọ́ jáde, nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sórí Atari 2600, ẹ̀rọ gémù inú ilé, lọ́dún 1982, mẹ́mórì ẹ̀rọ yẹn kò ju báìtì 128 lọ. Lẹ́tà kan ń gba báìtì kan, ó kéré tán. Ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí kò lè gbénú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọta ìbọn àti bọ́ọ̀lù, ẹni méjì péré ni wọ́n dá ẹ̀rọ náà láti máa yà, nítorí eré ẹni méjì tó ń bára wọn jà ni wọ́n ní lọ́kàn. Pac-Man àti iwin mẹ́rin sì jẹ́ márùn-ún. Ọ̀nà tí Tod Frye tó kọ gémù náà gbà yọ ni pé ó ń ya àwọn iwin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kíákíá, títí yóò fi kàn wọ́n yípo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ kú. Wọ́n ti fi gémù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Èmi kì í bá wọn dá sí i, nítorí mo mọ ohun tí báìtì 128 jẹ́.

Bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn, iye ló kàn yàtọ̀. Bí gémù ńlá bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ kékeré, ohun tí a kọ́kọ́ ń gé ni ohun tí ojú ń rí: òjìji, dídán omi, ewé tó ń mì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó dín èrò inú pápá kù. Títí débẹ̀, gémù yẹn náà ṣì ni. Ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan ibi tí ẹni tó ń gbá a ti ń pinnu ohun tó fẹ́ ṣe ló di nǹkan mìíràn. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan rí tí ọ̀tá ogún ti di mẹ́fà. Nígbà tí a parí, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa sá pamọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ sísá pamọ́ ni gbogbo eré náà dá lé. Lára páálí, lẹ́tà kan kò yí nínú orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ kì í wulẹ̀ gé e, wọ́n á ní kí àwọn mìíràn lọ ṣe òmíràn. Splinter Cell: Double Agent, gémù amí ti ọdún 2006, nìyẹn. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Ubisoft ní Shanghai ló ṣe ti Xbox 360, Ubisoft ní Montreal ló ṣe ti PlayStation 2, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń rán yín nínú méjèèjì kò bára mu. Ní ti Call of Duty: Black Ops III, gémù ogun ti 2015, ẹni tó rà á fún PlayStation 3 (PS3) tàbí Xbox 360 kò bá ìtàn rẹ̀ níbẹ̀ rárá, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti bọ́ọ̀lù. Láti FIFA 20 títí dé FIFA 23, èyí tí wọ́n ń tà fún Switch, ẹ̀rọ Nintendo, ní ọ̀rọ̀ "Legacy Edition" lára. Ẹ tú u wò: wọ́n pààrọ̀ aṣọ àti orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fi bí a ṣe ń gbá a sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò lè ní wọ́n parọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ka "Legacy" tó máa ń mọ̀ pé ti èṣí ni wọ́n ń tà fún òun?

Ìdí kẹta kò gùn: òfin ẹni tó ni ẹ̀rọ. Nígbà tí Mortal Kombat wọlé lọ́dún 1993, Nintendo kò gba ẹ̀jẹ̀ láyè, òógùn ló ń ta sílẹ̀ lára àwọn tó ń jà. Lórí Sega, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan tẹ̀lé òmíràn bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn.

Kí ẹ má sì rò pé ti ẹ̀rọ kékeré ló máa ń burú nígbà gbogbo. Lọ́dún 1988, Ninja Gaiden ti ẹ̀rọ ńlá jẹ́ eré ká máa gbá ènìyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú pópó. Ti NES, ẹ̀rọ inú ilé tó kéré jìnnà, jẹ́ eré fífò àti gígun ògiri, òun sì ni gbogbo ènìyàn ṣì ń rántí. Resident Evil 4 náà: àwòrán ti PS2 kò tó ti GameCube, ẹ̀rọ Nintendo, ṣùgbọ́n ti PS2 ni wọ́n fi ìtàn Ada Wong, obìnrin kan nínú eré náà, kún; Separate Ways ni wọ́n pe ìtàn náà.

Ó wá ku ti owó yín. Orúkọ tó tóbi lórí páálí sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ń tà á. Ti ẹni tó ṣe é máa ń wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wíwẹ́. Òun ni kí ẹ wò. Bí ẹni tó ṣe ti ẹ̀rọ yín bá yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ti ẹ̀rọ tí ọmọ yín ti rí i, ẹ dúró ná, kí ẹ wá fídíò ibi tí ẹnì kan ti ń gbá a lórí irú ẹ̀rọ tiyín gan-an. Fídíò ìpolówó kò tó, ẹ̀rọ tó lágbára jù ni wọ́n sábà máa ń fi yà á. Bí ẹ bá rí "Cloud Version" lára gémù Switch, bíi Control tàbí Hitman 3, gémù náà kò sí nínú ẹ̀rọ yín: kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, tó ń fi àwòrán ránṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì lọ, gémù lọ. Díìsìkì PS4 á wọ PS5 tó ní ojú díìsìkì, àmọ́ ti PS4 náà lẹ ó gbá, àfi tí àwọn tó ṣe é bá fàyè sílẹ̀ láti gbé e ga. Ti PS5 kì í ṣiṣẹ́ nínú PS4 rárá.

Ọdún 2019 ni wọ́n tún Aladdin gbé jáde fún àwọn ẹ̀rọ òde òní, pẹ̀lú The Lion King. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi rà á, kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó pè mí: "Tìrẹ ni wọ́n kó síbẹ̀ o. Idà ló wà níbẹ̀." Ó di 2021 kí wọ́n tó mú ti Super Nintendo wá, ó sì tún sanwó mìíràn lé e.