Ọgbọ́n Àmù Ti Wà Ṣáájú Ilé Álọ́ọ̀mù

Nínú ọgbà omi ẹ̀rọ àtijọ́, ilé kéékèèké máa ń dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ilé pọ́ǹpù, ilé álọ́ọ̀mù tó ń mú ẹrẹ̀ inú omi rọlẹ̀, ilé kílórínì, gáàsì tó ń pa kòkòrò inú omi. Wọ́n ní òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Ti bíríkì àti páìpù, ẹ jẹ́ ká gbà. Ti ọgbọ́n inú rẹ̀ ńkọ́?

Nígbà tí odò Àlà ni Àkúrẹ́ ń mu, àmù ni omi ń sùn sí. Wọ́n á ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á fi ọmọrí dé e, ẹrẹ̀ á sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ahá kì í kan ìdí àmù. Òkè ni wọ́n ti ń bù ú. Ta ló kọ́kọ́ kíyè sí èyí? Ó jọ pé àwọn amọ̀kòkò ni. Ẹni tó bá ń po amọ̀ mọ́ omi lójoojúmọ́ yóò rí i pé yanrìn ló ń kọ́kọ́ rì, amọ̀ kíkúnná a sì pẹ́ lókè. Amọ̀ kíkúnná yẹn gan-an ni álọ́ọ̀mù ń ṣù pọ̀ kó lè rì. Wọ́n á dárúkọ John Gibb, tó sẹ́ omi fún ìlú Paisley ní Scotland ní 1804. A gbọ́. Àmù ti wà tipẹ́.

Nínú ilé álọ́ọ̀mù, òkè ni wọ́n ti ń po álọ́ọ̀mù, kó lè fúnra rẹ̀ ṣàn wọ inú omi odò. Orí pákó ni àpò rẹ̀ ń wà, kò gbọdọ̀ fara kan ògiri, torí bí ọ̀rinrin bá mú un, á dì gbagidi. Bí ìdánwò inú ìgò bá fi hàn pé gíráàmù 40 ló tó ẹgbẹ̀rún lítà omi, mílíọ̀nù lítà kan yóò gba kílò 40. Bó bá pọ̀ jù, omi á kan, á sì máa jẹ páìpù; ẹfun ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé pọ́ǹpù sí nítorí pé pọ́ǹpù kì í lè fa omi sókè ju bíi mítà 7 lọ dáadáa. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá há sí fáàfù ìdí páìpù, omi á padà sódò, pọ́ǹpù á sì máa yí lásán títí yóò fi jó.

Kílórínì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀, ìdí nìyẹn tí ihò afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀ fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù, á jẹ wáyà iná tán.

Ní 1976 Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èrò pọ̀, kànga ẹ̀rọ sì gbòde. Ọ̀pọ̀ kànga yìí kò nílò álọ́ọ̀mù. Èyí tí irin bá yọ́ sínú omi rẹ̀ ló ń ba aṣọ funfun jẹ́.