Kíkọ dátà tààrà sórí dísìkì lórí Linux (O_DIRECT)

O_DIRECT jẹ́ àmì tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń lò nígbà tó bá ń ṣí fáìlì tàbí dísìkì lórí Linux, kí dátà tó fẹ́ kọ lè lọ tààrà sórí dísìkì láì yà sí page cache. Page cache ni apá RAM tí kernel, ètò tó jẹ́ ọkàn Linux, máa ń kó dátà sí fúngbà díẹ̀. Bí ètò bá kọ nǹkan bí ó ti wọ́pọ̀, ibẹ̀ ni kernel ń gbà á sí, á sọ fún ètò náà pé iṣẹ́ ti parí, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sórí dísìkì.

Orí IRIX, sístẹ́mù ìṣiṣẹ́ ti ilé-iṣẹ́ SGI, ni O_DIRECT ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi kún Linux 2.4.10 ní ọdún 2001. Àwọn dátábéèsì ló wúlò fún jù. InnoDB, apá tó ń tọ́jú dátà nínú dátábéèsì MySQL, ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀ nínú RAM. Bí kernel bá tún tọ́jú dátà kan náà, ẹrù kan ti gba yàrá méjì nìyẹn.

Òfin rẹ̀ le. Ìwọ̀n dátà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì àti ibi tó wà nínú RAM gbọ́dọ̀ ṣeé fi ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù dísìkì pín láì ṣẹ́kù: báìtì 512 lórí ọ̀pọ̀ dísìkì, 4096 lórí àwọn mìíràn. Bí ènìyàn bá fún dd, àṣẹ tó ń da dátà kọ, ní oflag=direct (kó lo O_DIRECT) pẹ̀lú bs=4096 (iye báìtì tí yóò máa kọ lẹ́ẹ̀kan), yóò ṣiṣẹ́; bó bá yí i sí bs=100, kernel yóò kọ̀ ọ́, yóò sì dá EINVAL padà, ìyẹn àmì àṣìṣe pé ohun tí wọ́n fún un kò bófin mu. (Kí onítọ̀hún sì wo orúkọ dísìkì náà dáadáa, torí dd kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dátà tó bá ti fo page cache ti bọ́ lọ́wọ́ ewu iná tó lọ lójijì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dísìkì fúnra rẹ̀ lè ní ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ nípa fáìlì náà, irú bí ìwọ̀n rẹ̀, lè ṣì wà nínú RAM. Ètò tó bá fẹ́ ìdánilójú ní láti pe fsync, tó ń sọ fún kernel pé kó rí i dájú pé gbogbo rẹ̀ ti dé orí dísìkì, tàbí kó fi O_SYNC, àmì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kíkọ kọ̀ọ̀kan, kún O_DIRECT. Fún ètò kéékèèké tí kò ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, ìfàsẹ́yìn ni O_DIRECT sábà máa ń jẹ́, nítorí pé ìgbàkígbà tó bá ń kọ nǹkan ló ní láti dúró de dísìkì.