Àwọ̀ Kì Í Bá Ṣíìtì Rìnrìn Àjò: Ohun Tó Ń Sọnù Láàárín Excel àti Áàpù Ìdarí Iṣẹ́

Títẹ Import láti kó ṣíìtì Excel wọ inú áàpù ìdarí iṣẹ́ bíi Jira, Asana tàbí Microsoft Project kò le. Áàpù náà á ní kí wọ́n gbé fáìlì wá, kí wọ́n tọ́ka sí òpó tó jẹ́ orúkọ iṣẹ́ àti èyí tó jẹ́ ọjọ́, ó tán. Fídíò tó ń fi èyí hàn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ṣíìtì Excel ń sọ fún ẹni tó ni ín ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣíìtì kan tí wọ́n fi ń bójú tó ilé kíkọ́. Lókè, wọ́n da sẹ́ẹ̀lì márùn-ún pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n kọ ÌPÌLẸ̀ sí i gàdàgbà. Iṣẹ́ mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Méjì ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé wọ́n ti parí. Ọ̀kan pupa, ìyẹn ni pé owó ló dá a dúró. Ìkẹrin kò ní àwọ̀ kankan. Orúkọ bíríkìlà wà níwájú iṣẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta yòókù ṣófo, torí gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ mọ̀ pé òun náà ló ni wọ́n. Kò síbi tí wọ́n kọ “ó ti parí” sí. Kò síbi tí wọ́n kọ “owó ò tíì dé” sí. Ojú ló ń ka ìyẹn.

Àrokò gan-an nìyẹn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn ránṣẹ́ séèyàn, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun, nítorí “fà” tó wà nínú mẹ́fà. Mẹ́jọ ní tirẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra ń sọ ti ìfẹ́. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ kan náà ni o. Iye rẹ̀, bí wọ́n ṣe so ó, ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká wá ní ìránṣẹ́ tú okùn náà lọ́nà, ó da owó ẹyọ sínú àpò kó lè rọrùn láti gbé. Nígbà tó bá débẹ̀, ẹyọ kan ò ní dín. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á kà á, á pé pérépéré, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n bá òun sọ.

Fáìlì CSV, èyí tí wọ́n sábà máa ń sọ ṣíìtì Excel dà kí áàpù tó kà á, ni àpò yẹn. Ọ̀rọ̀ lásán àti kọ́mà ló wà nínú rẹ̀. RFC 4180, ìwé tó ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 2005, sọ bí kọ́mà ṣe ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí kọ́mà bá wà láàárín ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sọ ohun tí ọjọ́ jẹ́. Kò mẹ́nu kan àwọ̀. Nítorí náà àwọ̀ ewé lọ, pupa náà lọ. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí wọ́n dà pọ̀ á tú ká: ÌPÌLẸ̀ á jókòó sínú èyí àkọ́kọ́, mẹ́rin yòókù á ṣófo. Áàpù á wá rí ìlà kan tó ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹni tó ni ín, á sì gbà á bí iṣẹ́. Bí ìpìlẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ ìyá fún iṣẹ́ mẹ́rin, ṣe máa di ìkarùn-ún wọn nìyẹn.

Ó máa ń dunni láti gbọ́ pé “áàpù yìí ti jẹ dátà wa.” Kò jẹ nǹkan kan. Ohun tí wọn ò kọ ni kò rí gbé. Microsoft Project tiẹ̀ lè ka fáìlì Excel tààrà láìgba ọ̀nà CSV, síbẹ̀ àwọ̀ kò sí lára ohun tó ń kà. Kí ṣíìtì tó kúrò nílé, àwọ̀ gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀, kí wọ́n pè é ní Ipò, kí wọ́n kọ “parí” tàbí “owó dá a dúró” sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ bíríkìlà gbọ́dọ̀ wà níwájú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti ìyá àti ọmọ, Microsoft Project ní òpó kan tó ń jẹ́ Outline Level: ẹ fi 1 síwájú Ìpìlẹ̀, ẹ fi 2 síwájú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì tò wọ́n bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì gbàǹgbà ń ṣe fún ojú.

Ṣùgbọ́n ibi tó yani lẹ́nu jù ni òpó Predecessors, èyí tó ń sọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sí i. Nọ́ńbà wo? Ẹni tó ń ṣe ṣíìtì á wo ọwọ́ òsì Excel, á rí i pé mímọ ògiri wà ní ìlà 4, á sì kọ 4 síwájú kíkan páànù tó wà ní ìlà 5. Ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ àkọlé àwọn òpó ló wà ní ìlà 1 nínú Excel, Microsoft Project kì í sì í ka àkọlé mọ́ iṣẹ́. Ìlà 2 ni iṣẹ́ 1 lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mímọ ògiri di 3, kíkan páànù di 4. Páànù tí wọ́n ní kó dúró de 4 ti wá ń dúró de ara rẹ̀! Ìyẹn ṣì dáa, torí iṣẹ́ kò lè dúró de ara rẹ̀, áàpù kò ní gbà. Ẹ wá wo rírẹ́ ògiri ní ìlà 6. Wọ́n kọ 4 síwájú rẹ̀ torí ògiri, ṣùgbọ́n páànù ló ń dúró dè báyìí. Èyí ló burú jù, torí ó jọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n máa ń kan páànù rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ta ló máa fura? Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n ka nọ́ńbà láti orí iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì tún ṣíìtì tò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ náà ní tirẹ̀. Nínú Excel, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà: ọjọ́ 3 oṣù April 2025 jẹ́ 45750. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900 ló ti ń kà á bọ̀, tó fi mọ́ ọjọ́ 29 oṣù February ọdún yẹn, ọjọ́ tí kò sí láyé rí, torí Lotus 1-2-3, áàpù ṣíìtì tó ṣáájú rẹ̀, ló kà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di CSV, nọ́ńbà yẹn á dúró sílé, ohun tó hàn lójú ló máa lọ: 03/04/2025. Ní Nàìjíríà, April nìyẹn. Áàpù tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù March, iṣẹ́ á sì fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ọjọ́ 15 kì í fa wàhálà bẹ́ẹ̀, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọjọ́ tí kò ju 12 lọ ló ń yọ́ wọlé. Ẹ kọ ọ́ ní 2025-04-03, ọ̀rọ̀ á tán. Jira ní tirẹ̀ máa ń béèrè bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́ kó tó kà á, ìyẹn sì sàn ju kó máa méfò. Ẹ ṣáà rí i pé yyyy-MM-dd (ọdún, oṣù, ọjọ́) lẹ fi dá a lóhùn, kí MM jẹ́ lẹ́tà ńlá. Ìṣẹ́jú ni mm kékeré nínú ìlànà Java (èdè kan tí wọ́n fi ń kọ áàpù) tó ń lò, bí ẹ bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, oṣù á dàwátì, January ni gbogbo iṣẹ́ á bọ́ sí.

Orúkọ wa náà wà nínú ewu. Lórí Windows, bí wọ́n bá yan “CSV (Comma delimited)” lásìkò tí wọ́n ń fi fáìlì pamọ́, Ṣẹ́gun á di àmì ìbéèrè àti gun, torí kò sí ṣ àti ẹ nínú àkójọ lẹ́tà tí irú fáìlì yẹn ń lò. “CSV UTF-8” ló ní wọn. Ẹ jẹ́ kí ímeèlì wà ní òpó tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ímeèlì ni Asana fi ń mọ ẹni tó ni iṣẹ́.

Kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ dán ìlà márùn-ún wò nínú project òfìfo. Ẹ má mú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ mú èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 03/04 tẹ́lẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní ṣ, èyí tí kọ́mà wà nínú àpèjúwe rẹ̀, èyí tó ń dúró de òmíràn, àti èyí tó pupa. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan tí kò rí ṣíìtì yẹn rí, ẹ bi í pé èwo ni owó dá dúró. Bó bá tọ́ka sí i láìfóònù ẹni tó ṣe ṣíìtì, ẹ kó ìyókù wọlé.