Bí ìròyìn ewu ṣe ń di ìṣe: Iléṣà nígbà kòrónà

Ní ọdún 2020, òru ni NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, sábà máa ń gbé iye àwọn tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Kí àwọn aláta tó pàtẹ tán ní ọjà Àtákúnmọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iye ti Ọ̀ṣun ti dé Iléṣà. Rédíò ti kà á, àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó sì ti fi í ránṣẹ́ sí WhatsApp ìdílé.

Ṣùgbọ́n iye yẹn kì í ṣe ti àná. Ẹni tó bá kó àrùn náà lè lo ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó mọ̀ ọ́n lára, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ara bá wá gbóná, oògùn ibà ni yóò kọ́kọ́ lò, torí ara gbígbóná àti ẹ̀fọ́rí kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Ìgbà tí kò bá lọ ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí wọn yóò fi òwú gba nǹkan nímú àti lọ́fun rẹ̀, tí wọn yóò gbé e lọ síbi tí yàrá àyẹ̀wò wà, tí èsì yóò wá padà dé. Ohun tí wọ́n kéde lálẹ́ òní, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn ló ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n sì yẹ̀ wò nìkan ló kà, kò ka gbogbo ẹni tó ní in.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2020, iye ti Ọ̀ṣun fò sókè lójijì. Àwọn 127 tó ti Ivory Coast dé, tí ìjọba kó pa mọ́ síbì kan ní Èjìgbò, ìlú mìíràn ní Ọ̀ṣun, láti yẹ̀ wọ́n wò, ló fà á. Ṣùgbọ́n “Ọ̀ṣun” ni rédíò pè, ẹni tó wà ní Ìsọ̀kùn, àdúgbò kan ní Iléṣà, sì gbà pé àrùn ti dé ẹnu ọ̀nà òun. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀ tí kò rí aládùúgbò kankan tó kú, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìjayà àkọ́kọ́ àti àìgbàgbọ́ tó tẹ̀ lé e, inú iye kan náà ni méjèèjì ti jáde.

Ìdí mìíràn wà tí iye fi ń ṣini lọ́nà. Nàìjíríà ka àwọn tó lé ní 266,000 tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà mú, 3,155 sì kú nínú wọn, ìyẹn bí ẹnì kan nínú 85. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, àwọn kan sì kú sílé láìsí àyẹ̀wò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ewu ọmọ ogún ọdún àti ti bàbá àádọ́rin ọdún tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò dọ́gba rárá, iye kan náà ni wọ́n sì ń kà fún àwọn méjèèjì.

Torí náà ni aráàlú kì í fi í dúró lórí iye. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá ni wọ́n ń wò. Ẹ wo bí ohùn orí WhatsApp ṣe ń rìn. Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ní nọ́ọ̀sì lòun, ó ní London lòun wà, ó ní kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú òun rí ní wọ́ọ̀dù. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Bọ̀dá kan ní Ìbàdàn fi í ránṣẹ́ sí Àǹtí, Àǹtí gbé e sórí ẹgbẹ́ ìdílé. Nígbà tí yóò bá fi kan Màmá ní Iléṣà, kì í ṣe ohùn àjèjì mọ́, ohun tí Àǹtí fi ránṣẹ́ ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó yẹ kí ó dúró sọ́dọ̀ Àǹtí ti lẹ̀ mọ́ obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. WhatsApp gan-an rí i: ní oṣù Kẹrin 2020, wọ́n dín iye ibi tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ tó ti rìn jìnnà ránṣẹ́ sí kù sí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àmì ọfà méjì tó wà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Àwọn kan a máa kà á sí ẹ̀rí pé òótọ́ ni, torí pé ayé ti gbọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nígbà Ebola. Ní oṣù Kẹjọ 2014, àwọn ènìyàn pe ẹbí wọn lóru pé kí wọ́n dìde fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, kò sí ohun tó kù tí kò fi ní ràn: iyọ̀ wà nílé gbogbo ènìyàn, kò náni lówó, ó ní àkókò tí yóò pé, ẹni tó sì fẹ́ràn ẹni ló pe fóònù. Àlàyé ìjọba kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Klorokuíní náà rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020, lẹ́yìn tí Trump yìn ín l'Amẹ́ríkà pé ó lè wo kòrónà. Oògùn ibà tí àwọn òbí wa ti lò títí ni, kódà ẹni tó máa ń yún lára mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú ti mọ̀ kì í bani lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbé àwọn kan dé ọsibítù l'Ékòó nítorí àlòjù rẹ̀.

Lẹ́yìn pé ta ló sọ ọ́, ohun tó kàn ni pé èló ni yóò ná mi. Fífọ ọwọ́ rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà ti ń fà omi. Jíjìnnà síra ẹni ní mítà méjì kò bá ìsọ̀ aláṣọ mu. Kónílé-ó-gbélé sì ń jẹ òwò ọjọ́ lẹ́nu ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá pa lónìí ni yóò sè lálẹ́. Ìlànà tó náni jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ jù sílẹ̀, tí wọ́n á di èyí tó fúyẹ́ mú. Ìdí nìyẹn tí ìbòmú fi pẹ́ lójú títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ àgbọ̀n ló sábà máa ń wà títí ọlọ́pàá yóò fi yọ lókèèrè. Àìgbọ́ràn ni aláṣẹ pè é. Ìṣirò ni.

Wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ní òun yóò dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rù kan ní Ẹdẹ, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀. Oúnjẹ tí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sílé kò rí jẹ. Láti ọjọ́ náà, ó ti ṣòro kí ìkìlọ̀ tó ti ẹnu ìjọba jáde wọ etí ẹnikẹ́ni tààrà.

Iléṣà kan náà ní ìtàn ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1956, dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild, ṣe káàdì kan fún àwọn ìyá ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí i, oṣù dé oṣù, ìlà náà a sì máa gòkè. Ọwọ́ ìyá ni káàdì wà, kì í ṣe ọsibítù. Ìyá tí kò mọ̀wé rí i fúnra rẹ̀ pé ìlà ti dúró, ó sì gbé ọmọ wá kí àìsàn tó gbé e ṣubú. Ewu ọmọ tirẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ti gbogbo ìpínlẹ̀. Káàdì náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí ìkìlọ̀ kòrónà kò rí lò nìyẹn.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ AstraZeneca wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 2021, ìgbì kejì àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Iye tí wọ́n ń kéde ní oṣù Kínní ọdún náà ga fíìfíì ju ti oṣù Kẹrin 2020 lọ, síbẹ̀ ìbẹ̀rù ti rọlẹ̀, torí àwọn ènìyàn ti fi ojú ara wọn díwọ̀n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ìbéèrè tó ń lọ káàkiri ni pé ìjọba tí kò fún wa ní ìrẹsì, kí ló dé tó fẹ́ fún wa ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbà á nígbà tí wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2021, ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ tàbí èsì àyẹ̀wò kò ní wọ ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù dúró de ẹni tí wọ́n mọ̀ kó kọ́kọ́ gbà á, wọ́n wò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n bi í bóyá apá ṣì ń dùn ún, kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn náà yóò lọ.